Ọ̀nà-Afẹ́fẹ́-Etí àti Ìdánwò Iṣẹ́ Abẹ Ọlọ́gbẹ́-Kékeré

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ẹni tí kò gbọ́ràn, èyíinì ni adití, hàn kedere: ẹni tí etí rẹ̀ di. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ wo àìsàn náà bí ẹni pé ohun kan ni ó dí ojú ọ̀nà tí ìró ń gbà wọlé. Lójú ìmọ̀ ìṣègùn, ọ̀pọ̀ adití ni ọ̀rọ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé iṣan tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ lè kú kí gbogbo ihò etí sì mọ́ roro. Àìsàn kan wà, síbẹ̀, tí orúkọ náà bá mu rẹ́gí. Nínú rẹ̀ ohun kan di ní tòótọ́, àmọ́ ibi tí ó ti di kì í ṣe inú ihò tí ènìyàn lè fi ìka kàn tàbí tí ó lè da òróró sí. Ẹ̀yìn imú ni ó wà. Ẹni tí ó bá ń da òróró sí etí nítorí àìsàn yìí ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe ti onílé, nítorí pé ìlù-etí wà láàrin òróró náà àti ibi tí ìyọnu wà.

Etí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Etí òde ni ewé etí àti ihò tí ó wọlé láti ibẹ̀. Ìlù-etí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó nà bí awọ ojú ìlù, ni ó parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìlù yìí ni etí àárín wà, yàrá kékeré kan nínú egungun orí, níbi tí egungun mẹ́ta tí ó kéré jù lọ nínú ara ènìyàn ti so kọ́ra, tí wọ́n sì ń gbé ìmì ìlù náà lọ sí etí inú. Omi ni ó wà nínú etí inú. Etí àárín ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún afẹ́fẹ́, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ bá ti òde dọ́gba. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìlù-etí kò ní lè mì bí ó ti yẹ. Kò sí onílù tí kò mọ̀ pé bí awọ bá dẹ̀ jù tàbí tí ó bá le jù, ohùn ìlù a yí padà. Ọ̀rọ̀ ìlù-etí kò yàtọ̀ sí èyí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé awọ tí ó bo ògiri etí àárín ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru. Afẹ́fẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ máa wọlé láti rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì ń gbà. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti etí àárín, ó sì parí sí ẹ̀yìn imú, lókè ọ̀fun. Nínú àgbàlagbà, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 35. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èyí tí ó sún mọ́ etí, wà nínú egungun líle. Ìdá méjì tí ó kù jẹ́ egungun rírọ̀ àti ẹran, pípadé ni ó sì máa ń wà. Nígbà tí ènìyàn bá gbé itọ́ mì tàbí tí ó bá yán, iṣan ẹran kan ní àjà ẹnu a fà á ṣí fún ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, a sì tún padé. Ìró kékeré tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú ń gbọ́ nínú etí rẹ̀ nígbà tí ó bá gbé itọ́ mì, ìró ṣíṣí ọ̀nà náà ni. Ti ọmọdé kúrú ju ti àgbà lọ, kò sì dagun tó o, ìdí kan nìyí tí àìsàn yìí fi pọ̀ láàrin àwọn ọmọdé.

Ní ti orúkọ, àwọn òyìnbó fi orúkọ Bartolomeo Eustachio, onímọ̀ ẹ̀yà ara ọmọ Ítálì, pe ọ̀nà yìí nítorí àpèjúwe tí ó ṣe nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó jáde ní 1564. Yíyá orúkọ náà wọ èdè Yorùbá kò ṣòro, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkan kan fún ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. ‘Ọ̀nà-ọ̀fun-sí-etí’ sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, àmọ́ ó lè mú kí ènìyàn rò pé oúnjẹ ń gbà á kọjá. ‘Ọ̀nà-afẹ́fẹ́-etí’ sàn jù wọ́n lọ, nítorí pé iṣẹ́ nǹkan náà ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ kò bá gbà á, àìsàn dé. Orúkọ àìsàn náà kò tún ní ṣòro mọ́. Àìtó-afẹ́fẹ́ etí àárín ni.

Ohun tí àìsàn yìí ń ṣe kì í yá, kì í sì í pariwo. Bí afẹ́fẹ́ inú etí àárín ti ń dínkù, ìtẹ̀ inú rẹ̀ a kéré sí ti òde, ti òde a sì ti ìlù-etí wọnú. Lẹ́yìn náà, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ara awọ etí àárín. Bí ó bá pẹ́, omi náà a ki, a sì máa fà bí àtè. Ìró kò lè kọjá dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ a máa dé etí bí ẹni pé ènìyàn fi ìka di etí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí ìrora tí ó pọ̀, ibi tí ewu rẹ̀ sì wà gan-an nìyẹn: ọmọ tí etí kò dùn kò ní sunkún. Ìyá a pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dáhùn, olùkọ́ a sì sọ ọ́ ní aláìgbọràn, orúkọ tí ó yẹ ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí kò lè gbọ́ ni. Nínú àwọn mìíràn ìlù-etí a fà wọnú títí tí apá kan rẹ̀ yóò fi di kòtò, tí awọ òkú yóò máa kó jọ síbẹ̀, tí yóò sì máa jẹ egungun etí díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá ti dé ibi yìí, iṣẹ́ abẹ ńlá ni ó kù.

Ìgbìyànjú láti fi afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà náà wọ etí ti pẹ́. Ní 1704, Antonio Maria Valsalva ní ìlú Bologna tẹ ìwé kan jáde lórí etí ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni ó mọ́ àṣà dídi imú àti ẹnu kí ènìyàn sì fi ipá mí, kí afẹ́fẹ́ lè já sínú etí. Ní 1724, ọ̀gbẹ́ni Guyot, tí kì í ṣe oníṣègùn rárá bí kò ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Versailles, sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé Paris pé òun ti ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó tẹ̀ gba ẹnu òun lọ síbi ojú ọ̀nà náà láti tọ́jú etí ara òun. Ìgboyà ọkùnrin náà ga ju ìmọ̀ àkókò rẹ̀ lọ. Ní 1863, Adam Politzer ní Vienna fi hàn pé bí aláìsàn bá ń gbé omi mì bí oníṣègùn ti ń fi àpò róbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò imú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà a dé etí àárín láìlo ọ̀pá kankan.

Ọ̀nà kejì ni kí oníṣègùn fi ẹ̀yìn imú sílẹ̀ kí ó sì lu ìlù-etí fúnra rẹ̀. Ní 1801, Astley Cooper, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, ròyìn fún Royal Society pé òun lu ìlù-etí àwọn kan tí ọ̀nà-afẹ́fẹ́-etí wọn di, wọ́n sì gbọ́ràn. Ẹgbẹ́ náà fi àmì-ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá. Ohun tí ó tẹ̀lé ọlá yìí ni ó yẹ kí olùkàwé fi ọkàn sí. Àwọn adití oríṣiríṣi wọ́ tọ̀ ọ́ wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé etí inú ni àìsàn wọn wà, tí lílu ìlù-etí kò lè ṣe wọ́n ní oore kankan. Nínú àwọn tí iṣẹ́ náà tọ́ sí pàápàá, ihò tí ó lu a máa tún padé kíákíá. Àwọn ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ń lu ìlù-etí ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé òun kò gbọ́ràn, títí tí iṣẹ́ náà fi di ohun ẹ̀gàn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò burú. Àwọn tí ó tọ́ sí ni wọn kò yà sọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi àwọn tí wọ́n ṣe é fún wé àwọn tí wọn kò ṣe é fún.

Ó kọjá àádọ́jọ ọdún kí ìṣòro ihò tí ń padé tó yanjú dáadáa. Ní 1954, Beverly Armstrong, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọ̀pá ike kékeré kan tí òun ń fi há ojú ihò ìlù-etí kí ó má baà padé. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ lónìí dà bí igi kékeré tí aránṣọ ń wé òwú mọ́, tí ó fẹ̀ ní orí méjèèjì tí ó sì ní ihò láàrin. A lè pè é ní òrùka-afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ a máa gba inú rẹ̀ wọ etí àárín láti òde, títí tí ìlù-etí yóò fi tì í jáde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù púpọ̀.

Òrùka yìí gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀kan nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù tí ó ń ti àwọn òbí ni pé bí ọmọ kò bá gbọ́ràn dáadáa fún oṣù díẹ̀, èdè àti òye rẹ̀ lè rẹ̀yìn títí ayé. Ní Pittsburgh, àwọn oníṣègùn pinnu láti dán èrò yìí wò. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ-ọwọ́ 6,350 sílẹ̀, wọ́n sì ń yẹ etí wọn wò lóòrèkóòrè. Lára àwọn tí omi dúró pẹ́ ní etí wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n ṣẹ́ gègé fún 429: apá kan gba òrùka lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, apá kejì dúró fún oṣù mélòó kan, tí omi náà bá sì wà síbẹ̀ ni wọn yóò tó gba tiwọn. Nígbà tí wọ́n yẹ èdè, ìwé kíkà àti òye àwọn ọmọ náà wò ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, títí dé ọmọ ọdún 9 sí 11, àwọn tí ó tètè gbà á kò ta àwọn tí ó dúró yọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ le dáadáa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn o. Kò kan ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là láti inú oyún tàbí èyí tí ó ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọn kò sí lára àwọn tí wọ́n dán wò.

Gègé tí wọ́n ṣẹ́ yẹn tọ́ sí àlàyé. Bí ó bá jẹ́ oníṣègùn ni ó ń yan ẹni tí yóò gba ìtọ́jú, yóò mú àwọn tí ó ro pé yóò tètè san. Bí ó bá jẹ́ òbí ni, àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá. Gègé kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ‘ìdánwò onígègé’ fi dára ju gbogbo orúkọ gígùn tí ènìyàn lè hun fún irú ìdánwò yìí. Àwọn tí kò gba ìtọ́jú tuntun sì ni ‘ẹgbẹ́ àfiwé’.

Òrùka-afẹ́fẹ́ ń ṣí ihò sí ibòmíràn ni, kò tún ọ̀nà tí ó di ṣe. Nígbà tí ó bá bọ́, àìsàn lè padà, pàápàá nínú àgbàlagbà tí ọ̀nà rẹ̀ kò tún ní dàgbà mọ́. Èyí ni ó mú kí àwọn oníṣẹ́ abẹ padà sí ẹ̀yìn imú ní ọ̀rúndún yìí. Awò-inú, èyíinì ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná tí ń fi inú ara hàn, ti jẹ́ kí ojú ọ̀nà náà hàn kedere láìfi abẹ la ara. Àwọn kan kọ́kọ́ fi ìtànṣán lésà jó ẹran tí ó wú níbẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni bàlúùnù dé. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn oorun, wọ́n á ki bàlúùnù kékeré tí kò tíì wú gba imú rẹ̀ wọ apá rírọ̀ ọ̀nà-afẹ́fẹ́-etí, wọ́n á fi omi kún un títí tí ìtẹ̀ rẹ̀ yóò fi tó ìlọ́po 10 tàbí 12 ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á sì yọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ọlọ́gbẹ́-kékeré nìyí. Ẹni tí ó bá pè é ní ‘aláìlọ́gbẹ́’ ti ṣàsọdùn, nítorí pé awọ inú ọ̀nà náà ń fara gbọgbẹ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òde kò rí i.

Ewu tí ó ń kọ àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóminú kò kéré. Ẹ̀gbẹ́ apá líle ọ̀nà náà gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń bọ́ ọpọlọ gbà kọjá. Egungun tí ó là wọ́n láàrin fẹ́lẹ́, nínú àwọn ènìyàn mìíràn ó tilẹ̀ ní ihò. Nítorí náà, orí òkú ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán bàlúùnù wò. Àwọn oníṣègùn ní Bielefeld ní Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn ará Boston náà ṣe tiwọn. Wọ́n ya àwòrán inú orí kí wọ́n tó fẹ̀ ọ̀nà náà àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè rí i bóyá egungun ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ti sán. Ìgbà tí èyí tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n tó ṣe é fún àwọn alààyè díẹ̀.

Ara àwọn díẹ̀ náà yá, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Etí tí ó di a máa là fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ń fẹ́ kí ó sàn, ọkàn rẹ̀ a sì máa sọ fún un pé ó ti sàn. Ní 2011, NICE, àjọ tí ń gba àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn, sọ pé inú ìwádìí nìkan ni kí wọ́n ti máa lo bàlúùnù náà, nítorí pé ẹ̀rí kò tíì tó. Ìpinnu yìí dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ti dun àwọn aláìsàn tí ń dúró.

Ohun tí ó kù ni láti rí ìwọ̀n tí kò gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀rọ kan wà tí ó di ihò etí òde, tí ó ń yí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ padà, tí ó sì ń wọn bí ìró ti ń ta padà láti ara ìlù-etí. Àwòrán tí ó ń yà, tí a lè pè ní ‘àwòrán ìmì ìlù-etí’, dà bí òkè ṣóńṣó nínú ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí omi bá wà nínú etí àárín, òkè náà a tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá dínkù níbẹ̀, òkè a yẹ̀ kúrò láàrin. Àwòrán yìí ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n nínú ìdánwò onígègé tí David Poe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Gbogbo aláìsàn ibẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí oògùn kò ràn lọ́wọ́. Gègé mú apá kan fún bàlúùnù pẹ̀lú oògùn imú, ó mú àwọn tí ó kù fún oògùn imú nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwòrán àwọn 73 nínú 141 tí ó gba bàlúùnù ti padà sí bí ó ti yẹ, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Nínú ẹgbẹ́ àfiwé, 10 nínú 72 ni, kò pé ìdá kan nínú méje. Àwọn mẹ́wàá yìí ṣe pàtàkì: láìsí wọn, ògo wọn ìbá ti bọ́ sọ́wọ́ bàlúùnù. Ìdánwò mìíràn tí ó jáde ní ọdún yẹn kan náà, lórí ènìyàn 60, fi ìbéèrè méje lórí ìnira etí ṣe òdiwọ̀n. Máàkì ìnira àwọn tí ó gba bàlúùnù fi 2.9 dínkù, ti ẹgbẹ́ àfiwé fi 0.6 dínkù.

Àléébù kan wà nínú ìdánwò ńlá yìí tí kò yẹ kí olùkàwé fojú fò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n gba àwọn ẹgbẹ́ àfiwé láyè láti gba bàlúùnù bí wọ́n bá fẹ́. Inú àánú ni ìyẹn ti wá, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ náà lọ kò sí ẹni tí ènìyàn lè fi wọ́n wé mọ́. Bákan náà, olúkúlùkù mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun. Ìlù-etí kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, àmọ́ ẹni tí ń dáhùn ìbéèrè lè fi ìrètí rẹ̀ kún ìdáhùn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi ń béèrè ìdánwò tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú èyí tí gbogbo aláìsàn yóò sùn, tí wọn yóò ki ọ̀pá sí imú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tí bàlúùnù kò ní wú nínú àwọn kan. ‘Iṣẹ́ abẹ àfarawé’ ni orúkọ tí ó bá a mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ ní iṣẹ́ abẹ ẹ̀tàn, yóò ba orúkọ ohun tí aláìsàn ti fi ọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè kan tún wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó lóye béèrè: báwo ni ohun tí wọ́n yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ṣe lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan? Bí wọ́n bá fẹ róbà, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, ṣebí yóò súnkì padà. Ìdáhùn kan wá ní 2015, nígbà tí Poe àti àwọn kan láti ilẹ̀ Finland gé ẹran bíńtín láti inú ọ̀nà náà kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́, lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ ẹ́, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú àwọn kan, wọ́n sì fi awò amú-nǹkan-tóbi wò wọ́n. Abẹ́ awọ ọ̀nà tí ń ṣàìsàn kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí ó kó jọ nítorí ìwúlé ọlọ́jọ́ pípẹ́. Bàlúùnù tẹ ìpele yìí fọ́. Nígbà tí ó san, ẹran tín-ín-rín tí kò wú ni ó hù dípò rẹ̀, awọ òkè sì tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, bí ìwádìí yìí ti fi hàn, iṣẹ́ bàlúùnù kì í ṣe pé ó na ọ̀nà náà bí a ti ń na aṣọ; ó ń lọ ẹran tí ó ti bàjẹ́ kúnná ni, kí èyí tí ó sàn lè rí àyè. ‘Fífẹ̀’ tí gbogbo ènìyàn ń pe iṣẹ́ náà ṣì wúlò, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni ó sọ.

Ní 2016, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bàlúùnù kan fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 22. Ní 2019, NICE náà yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà, ó sì gbà pé ẹ̀rí ti tó láti máa lò ó bí iṣẹ́ abẹ yòókù. Jàǹbá rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọ̀kan tí wọ́n ti rí ni pé bí aláìsàn bá tètè fi agbára fun imú lẹ́yìn iṣẹ́ náà, afẹ́fẹ́ lè gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ẹran ojú àti ọrùn, kí ibẹ̀ sì wú. Nítorí náà wọ́n máa ń kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe fun imú fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ náà kò tọ́ sí rárá tún wà, aṣìṣe ayé Cooper sì lè tún ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú àwọn ènìyàn kan ọ̀nà-afẹ́fẹ́-etí kì í padé, yíyà ni ó ń wà. Bí oníṣègùn bá béèrè, ẹni náà yóò sọ pé etí òun kún, pé ó dà bí ẹni pé ó di, ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹni tí tirẹ̀ di yóò sọ. Bí ó bá tẹ̀ síwájú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò tó sọ pé òun ń gbọ́ ohùn ara òun àti èémí òun nínú etí bí ẹni wà nínú àgbá, àti pé bí òun bá dùbúlẹ̀ ara a tù òun. Bàlúùnù yóò mú kí ti ẹni yìí burú sí i ni. Ìbéèrè ìnira kò lè yà á sọ́tọ̀, nítorí pé máàkì tí yóò gbà lè ga bákan náà. Àfi kí oníṣègùn wo ìlù-etí rẹ̀ bí ó ti ń mí, nítorí pé ìlù náà a máa wọlé, a sì máa jáde pẹ̀lú èémí rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kúrò kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé.